Ẹnu Nìkan Kọ́ Ni Májèlé Ń Gbà Wọ Ara: Ìbéèrè àti Ìdáhùn lórí Oògùn Oko

Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2024 ni àjọ NAFDAC ti fòfin de paraquat, oògùn tí àwọn àgbẹ̀ fi ń pa koríko. Àjọ kan náà kò sì yé kìlọ̀ fún àwọn tí ń da ọ̀tápíápíá, èyí tí dichlorvos wà nínú rẹ̀, sí ẹ̀wà nítorí kòkòrò. Ìkìlọ̀ méjèèjì ti dàpọ̀ mọ́ra létí ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Ògbómọ̀ṣọ́.

Ọ̀nà wo ni májèlé ń gbà wọ ara?
Ẹnu, imú, awọ ara àti ojú egbò. Ọmọ inú oyún ń gba tirẹ̀ láti ara ìyá.

Ṣé oògùn tí n kò mu lè pa mí?
Ó lè pa yín. Dichlorvos a máa yára di afẹ́fẹ́, ẹni tó bá sì fà á símú nínú yàrá tí a ti ilẹ̀kùn rẹ̀ ti gbé e wọ inú ẹ̀jẹ̀ nìyẹn. Ó tún ń gba awọ ara kọjá, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo awọ kò rí bákan náà. Nínú ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà ní 1971, wọ́n fi parathion, tí ó jẹ́ ẹ̀yà kan náà pẹ̀lú dichlorvos, kan ara àwọn ènìyàn: awọ apá gba nǹkan bí 9 nínú 100, iwájú orí gba bí 36, awọ ẹpọ̀n sì gba gbogbo rẹ̀ tán. Nítorí náà, àgbẹ̀ Ìkòyí-Ilé tàbí Ajááwà tó fi aṣọ bo imú, ṣùgbọ́n tí páǹpù ẹ̀yìn rẹ̀ ń jò sí ṣòkòtò tí kò ní bọ́ títí di alẹ́, ibi tí májèlé ń yára wọlé jù lọ ló fi sílẹ̀ fún un. A kì í sábà dárúkọ ibẹ̀ nínú ìpàdé àwọn àgbẹ̀.

Ṣé bẹ́ẹ̀ náà ni paraquat?
Rárá. Díẹ̀ ló ń gba awọ tí kò bó kọjá, àmọ́ ojú egbò ń gbà á wọlé, ẹnu ló sì burú jù. Ìwọ̀nba ẹ̀kún ẹnu kan lè pa àgbàlagbà, kò sì sí oògùn tó ń pa agbára rẹ̀. Ara ẹni tó gbé e mì lè dà bí ẹni pé ó ń yá, kí ẹ̀dọ̀fóró tó bẹ̀rẹ̀ sí í le lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan. Nítorí èyí ni àwọn tó ń ṣe é fi aró, òórùn búburú àti ohun tí ń fa èébì sí i. Ẹni tó bá wá dà á sínú ìgò mínírà ti ba iṣẹ́ wọn jẹ́.

Ẹ̀wà tí mo rà ní Sábó ńkọ́?
Ojú lásán kò lè mọ̀ ọ́n. Ní 2015, Ìṣọ̀kan Yúróòpù dá ẹ̀wà gbígbẹ láti Nàìjíríà dúró nítorí dichlorvos. Ẹ fọ̀ ọ́ léraléra, ẹ rẹ ẹ́, ẹ da omi rẹ̀ nù, kí ẹ sì sè é dáadáa: gbogbo èyí ń dín in kù, kò ní kó tán pátápátá.

Ṣé epo pupa ń pa májèlé?
Kò pa á. Ẹ má sì fi ipá mú ẹnikẹ́ni bì, nítorí èébì náà lè gba ọ̀nà ọ̀fun wọ ẹ̀dọ̀fóró.

Bí oògùn bá dà sí mi lára ńkọ́?
Ẹ bọ́ aṣọ náà kíákíá, kí ẹ fi ọṣẹ àti omi púpọ̀ fọ ara fún ìṣẹ́jú 15 ó kéré tán. Bí itọ́ àti òógùn bá ń dà, tí ọmọlójú sún kì, tí iṣan ń gbọ̀n tàbí tí èémí ń nira, ẹ gbé ẹni náà àti ìgò oògùn náà lọ sí ilé ìwòsàn, bí irú ti LAUTECH tàbí Bowen, nítorí pé ìtọ́jú tí wọ́n ń ṣe fún dichlorvos, níbi tí wọ́n ti ń lo oògùn tí ń jẹ́ atropine, yàtọ̀ sí ti paraquat.

Ta ló yẹ kí á bẹ̀rù fún jù?
Àwọn ọmọdé ni. Ara wọn kéré, wọ́n ń rá lórí ilẹ̀, ọwọ́ wọn kì í sì í kúrò lẹ́nu. Ẹ má ṣe fọ aṣọ oko pọ̀ mọ́ tiwọn.

Kí ni kí n wá fi tọ́jú ẹ̀wà?
Ẹ sá a kó gbẹ dáadáa, ẹ rọ ọ́ kún inú kẹ́ẹ̀gì tó ní ìdérí líle, kí ẹ sì dé e pinpin. Kòkòrò tó bá wà nínú rẹ̀ yóò lo afẹ́fẹ́ ibẹ̀ tán, yóò sì kú.