Nígbà tí ọ̀kẹ́sírà bá dákẹ́ fún ẹnì kan

Ẹni tó bá mọ adárin àti elégbè ti mọ ìpìlẹ̀ concerto, irú orin kan tí wọ́n ń fi ohun èlò ṣe. Ẹnì kan á wà níwájú pẹ̀lú dùrù piano tàbí violin, ọ̀kẹ́sírà, ìyẹn ẹgbẹ́ ńlá àwọn tó ń lo ohun èlò orin, á sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ìpele mẹ́ta ló sábà máa ń ní: àkọ́kọ́ á yá, ìkejì á fara balẹ̀, ìkẹta á tún yá.

Nínú àwọn concerto tí Mozart, gbajúmọ̀ tó ń kọ orin nílẹ̀ Yúróòpù, kọ fún piano, ọ̀kẹ́sírà ló sábà máa ń bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á ti gbé ohùn orin tó ṣe kókó jáde kí atẹdùrù tó fọwọ́ kan dùrù. Ìdúró yẹn wúlò gan-an: etí á ti mọ orin náà, nítorí náà tí atẹdùrù bá wá ń dárà sí i, olùgbọ́ á mọ ohun tó fi kún un.

Ibi tó wuni jù ni cadenza, ibi tí adárin ti ń dá dárà láìsí ọ̀kẹ́sírà. Bí ìpele àkọ́kọ́ bá ń parí lọ, ọ̀kẹ́sírà á dé orí àpapọ̀ ohùn kan tí kò tíì délé, bí ọ̀rọ̀ tí wọ́n já gbà lẹ́nu ẹni, gbogbo wọn á sì dákẹ́. Atẹdùrù nìkan ló kù. Láyé Mozart, ojú ẹsẹ̀ ni àwọn atẹdùrù sábà máa ń gbé e kalẹ̀ láti inú ara wọn. Báwo wá ni àwọn yòókù ṣe ń mọ ìgbà tó yẹ kí wọ́n padà wọlé? Àmì wà. Atẹdùrù á máa tẹ ohùn méjì tó múlé gbe ara wọn léraléra, kíákíá, títí á fi dà bí ohùn kan tó ń gbọ̀n. Olùdarí ọ̀kẹ́sírà á gbọ́wọ́ sókè, wọ́n á sì jọ bọ́ sórí ohùn tí etí ti ń retí látọjọ́. Ẹni tó ti gbọ́ bí ìyá ìlù ṣe ń pe omele padà mọ adùn ibẹ̀.

Beethoven, tí òun náà jẹ́ gbajúmọ̀ tó ń kọ orin, kọ cadenza sí concerto tí Mozart ṣe lọ́dún 1785, èyí sì ni ọ̀pọ̀ atẹdùrù ń lò títí di òní. Ṣùgbọ́n nínú concerto karùn-ún tirẹ̀ fún piano, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe dá cadenza, ó sì kọ ohun tí wọ́n máa tẹ̀ sílẹ̀. Etí rẹ̀ ti ń di nígbà náà. Ẹlòmíràn ló tẹ̀ ẹ́ fáwùjọ ní ìlú Leipzig, nílẹ̀ Jámánì, lọ́dún 1811.

Ní ìlú yẹn kan náà, lọ́dún 1845, concerto violin tí Mendelssohn, ẹlòmíràn tó ń kọ orin, kọ gbé cadenza wá sáàárín ìpele àkọ́kọ́. Nígbà tí ọ̀kẹ́sírà gbé ohùn orin tó ṣe kókó padà dé, violin kò dákẹ́. Ọrun rẹ̀, igi tí wọ́n fi ń ha okùn violin, ń ta pọ́n-ún pọ́n-ún lórí okùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, lábẹ́ orin tí àwọn yòókù ń kọ, adárin sì ti di elégbè.