Jíà Ọ́tò Tó Ń Gbá: Kí Wọ́n Tó Tú U Sílẹ̀

Láàárọ̀ ọyẹ́ n'Ílọrin, ẹni tó bá fi Camry àtijọ́ sí D lè gbọ́ "gbì!" lábẹ́ ẹsẹ̀, kí mọ́tò sì fò síwájú bí ẹni tí wọ́n tì. Bó bá dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì, ohun tí wọ́n sábà máa ń sọ ni pé jíà ti kú, kó lọ wá tòkúnbọ̀ mìíràn. Owó ńlá ló ń bá bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì dunni, torí ọ̀pọ̀ jíà tó ń gbá ni kò tíì kú rárá. Ọ́ìlì ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ wò.

Nínú jíà ọ́tò, ìyẹn jíà tó ń pààrọ̀ fúnra rẹ̀, ọ́ìlì ló ń ṣe iṣẹ́ tí ẹsẹ̀ awakọ̀ ń ṣe lórí kílọ́ọ̀ṣì. Bọ́ǹbù kan ń tì í gba àwọn ihò tóóró, agbára rẹ̀ ló sì ń fún àwọn díìsìkì pọ̀ kí jíà tó wọlé. Sólénọ́ìdì, ìyẹn fáàfù kékeré oníná tí kọ̀ǹpútà mọ́tò ń darí, ló ń ṣí ihò wọ̀nyí, òun náà ló ń pa wọ́n dé. Bí ọ́ìlì bá dín, bọ́ǹbù á máa fa atẹ́gùn mọ́ ọn, díìsìkì á máa yọ̀, wọ́n á wá dì mú lójijì. Ìyẹn ni awakọ̀ ń gbọ́.

Ibi gẹ́ẹ̀jì, ìyẹn irin tí wọ́n fi ń wọn ọ́ìlì, lọ̀pọ̀ ti ń ṣì í. Fún ọ̀pọ̀ Toyota àtijọ́, mọ́tò gbọ́dọ̀ ti rìn títí tó fi gbóná, kó dúró síbi tó tẹ́jú, kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́. Kí wọ́n tẹ bíréèkì, kí wọ́n fa jíà láti P dé L, kí wọ́n dá a padà sí P, kí wọ́n tó fa gẹ́ẹ̀jì yọ, kí wọ́n nù ún, kí wọ́n tún kì í bọ̀ ọ́. Ojú ìlà HOT ni kí wọ́n wò. Ti Honda yàtọ̀: wọ́n máa ń pa ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ni, kí wọ́n sì wò ó láàárín ìṣẹ́jú kan sí ọ̀kan ààbọ̀. Ẹni tó bá wọn Honda bíi Toyota lè bu ọ́ìlì kún un ju bó ṣe yẹ lọ, èyí tó pọ̀ jù á hó, jíà á tún máa yọ̀.

Kí wọ́n kán ọ́ìlì náà sórí aṣọ funfun. Pupa dára. Bó bá dúdú, tó ń rùn bí ẹ̀wà tó jóná sídìí ìkòkò, díìsìkì ti ń jó. Bó bá rí bí ìgbà tí wọ́n bu zobo sínú mílíìkì, omi rédíétọ̀ ti wọ inú rẹ̀. Kí mọ́tò náà má rìn mọ́, kí wọ́n fà á lọ. Ọ́ìlì tí wọ́n ń bù tà nínú kẹ́ẹ̀gì tí kò lórúkọ náà ń fa gbígbá. Irú tí ìwé mọ́tò dárúkọ nìkan ni kí wọ́n rà.

Bí ọ́ìlì bá pé, kí wọ́n wà á láti Tánkè lọ sí Yunifásítì. Bó bá jẹ́ láti jíà kìíní sí ìkejì nìkan ló ń gbá, sólénọ́ìdì tàbí díìsìkì ibẹ̀ ni kí wọ́n fura sí. Bó bá ń gbọ̀n bí ẹni gun orí òkúta wẹ́wẹ́ nígbà tí eré rẹ̀ dúró sójú kan, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ torque converter, ìyẹn ohun tó so ẹ́ńjìnnì mọ́ jíà. Bó bá jẹ́ ìgbà tí wọ́n bá fi sí D tàbí rìfáàsì nìkan, ẹ́ńjìnnì sítì, ìyẹn rọ́bà tó gbé ẹ́ńjìnnì dúró, ni kí wọ́n yẹ̀ wò: kí ẹnì kan tẹ bíréèkì pinpin, kó fà á láti R sí D, kí ẹnì kejì dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́, kó má dúró síwájú mọ́tò o, kó máa wò bóyá ẹ́ńjìnnì ń fò sókè. Owó ẹ́ńjìnnì sítì kéré gan-an sí owó jíà.

Púlọ́ọ̀gì tó ti bàjẹ́ àti eruku ọyẹ́ lára sẹ́ńsọ̀ atẹ́gùn náà lè tan kọ̀ǹpútà jẹ, kí jíà sì máa gbá. Mọ́tò tí wọ́n tà ní Amẹ́ríkà láti 1996 ní ihò OBD-II tí wọ́n lè fi ṣe skánì. Bí kóòdù P0750 bá jáde, sólénọ́ìdì A ló ń tọ́ka sí, ṣùgbọ́n wáyà tó já lè gbé e jáde pẹ̀lú, nítorí náà kí rewáyà kọ́kọ́ wò ó.

Lẹ́yìn gbogbo èyí ni kí wọ́n tó tú páànù ìsàlẹ̀ jíà. Nínú ọ̀pọ̀ rẹ̀, mágnẹ́ẹ̀tì wà níbẹ̀ tó ń gba ìdọ̀tí irin. Ẹrẹ̀ aláwọ̀ eérú tó kúnná lórí rẹ̀ kì í wọ́n nínú jíà tó ti pẹ́. Bó bá wá jẹ́ irin ṣíṣẹ́ tó ń gún ọwọ́ ni wọ́n bá níbẹ̀, ìgbà yẹn ló tó kí jíà wálẹ̀.