Ó jí lẹ́yìn abẹ́rẹ́, ṣé abẹ́rẹ́ yẹn ló jí i?

Tí ọkadà bá gbé èèyàn ṣubú, tó forí gbálẹ̀, tí ò mọ ẹni tó wà lọ́dọ̀ ẹ̀ mọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì mẹ́ta, gbogbo mọ̀lẹ́bí ló máa ń di dókítà. Ẹnìkan á ní abẹ́rẹ́ kan wà tí wọ́n fún ọmọ àbúrò òun, ọjọ́ kejì ló lajú, citicoline ni wọ́n sì sábà máa ń dárúkọ, ni wọ́n bá máa yáwó lọ rà á.

Mi ò ní wọ́n ń parọ́ o, ọmọ yẹn lajú lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ọpọlọ tó fara pa máa ń tún ara ẹ̀ ṣe díẹ̀díẹ̀, pàápàá láwọn oṣù àkọ́kọ́, ọ̀pọ̀ èèyàn ló sì máa ń jí nígbà yẹn, oògùn o, àìsí oògùn o. Ohun yòówù tẹ́ ẹ bá fún un lọ́sẹ̀ tó fẹ́ jí, òun lẹ máa kan sárá sí. Omi àdúrà tí wọ́n fi nù ún lójú náà á gba tiẹ̀.

Ká tó lè mọ̀ bóyá oògùn ló ṣe é, àfi kí wọ́n fún àwọn kan lóògùn, kí wọ́n fún àwọn tó kù ní nǹkan tó jọ ọ́ àmọ́ tí ò sí oògùn nínú ẹ̀, kí aláìsàn àti ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò má mọ èwo lèwo. Wọ́n ṣe é fún citicoline yìí gan-an ní Amẹ́ríkà, èèyàn 1,213, 90 ọjọ́ ni wọ́n fi lò ó, èsì jáde ní 2012: àwọn tó lò ó ò sàn ju àwọn tí ò lò ó lọ.

Ti stẹ́rọ́ìdì tiẹ̀ tún burú. Nígbà kan, ó pẹ́ tí wọ́n fi ń fún ẹni tó ṣèṣe lórí ní oògùn yìí, torí wọ́n ní ó máa jẹ́ kí ọpọlọ tó wú wálẹ̀, ó sì bọ́gbọ́n mu létí. Ìgbà tí wọ́n dán an wò lára èèyàn tó lé ní 10,000, ìwádìí tí wọ́n pè ní CRASH, ní 2004 ni wọ́n rí i pé kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, nínú 100 tó gbà á, bíi 21 ló kú, nínú 100 tí ò gbà á, bíi 18. Dókítà wo ló máa fojú rí ìyẹn ní wọ́ọ̀dù kan ṣoṣo?

Àwọn mọ̀lẹ́bí tún máa ń sọ pé "ó di ọwọ́ mi mú", pé ó ti ń jí nìyẹn, ṣùgbọ́n ẹni tí ò tíì mọ nǹkan kan lè di ìka yín mú, ọmọ tuntun náà ń ṣe é. Ìdí nìyẹn táwọn tó ń yẹ aláìsàn wò fi máa ń gbé dígí ìwojú síwájú ojú ẹ̀, wọ́n á rọra gbé e lọ sọ́tùn-ún, sósì, sókè, sísàlẹ̀, wọ́n á máa wò ó bóyá ẹyinjú ẹ̀ ń tẹ̀ lé e, wọ́n á sì tún un ṣe lọ́jọ́ mìíràn, torí ẹni tó tẹ̀ lé e láàárọ̀ lè má ṣe é lálẹ́.

Oògùn kan tó ń jẹ́ amantadine ló ṣe dáadáa díẹ̀, ní 2012 náà. Èèyàn 184 ni, àwọn tó lò ó fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin yára ju àwọn tó kù lọ, ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn tí wọ́n dá a dúró, àwọn tó lò ó àtàwọn tí ò lò ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ara wọn dọ́gba. Ó ń mú kó yá ni, wọn ò tíì fi hàn pé ó ń mú èèyàn dé ibi tí ò bá má dé. Tí dókítà bá kọ ọ́ fún yín, ẹ bi í bó ṣe máa mọ̀ pé ó ń ṣiṣẹ́ àti ìgbà tó máa dá a dúró tí ò bá ṣiṣẹ́.