Ẹ̀pà tá a jẹ dàgbà, kí ló dé tó wá ń bá ọmọ ẹlòmíì jà?

Lọ́sẹ̀ tó kọjá màmá kan wọ ṣọ́ọ̀bù kẹ́mísì mi ní Tákié nílùú Ògbómọ̀ṣọ́, ọmọ-ọmọ ẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti London dé ń tẹ̀ lé e, ó mú bébà kan dání tí ìyá ọmọ kọ ohun tí ọmọ ò gbọ́dọ̀ jẹ sí: ẹ̀pà, ẹyin, kajú. Ó ní kí n kà á fún òun. Bí mo ṣe pe "allergy" báyìí, màmá ní "Àlájì wo nìyẹn?" A rẹ́rìn-ín títí, mo wá ṣàlàyé pé kí oúnjẹ máa bá ara ọmọ jà ni. Nígbà tó yá ló wá ní, "Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tí ò lè jẹ kajú, ṣé irú ẹ̀ wà rí ni?" Ìlú tó jẹ́ pé téèyàn bá ju òkúta, bí ò bá ba igi máńgòrò á ba igi kajú. Kí n tó dáhùn, ẹni méjì míì ti dá sí i. Ìdáhùn mi rèé, mo tẹ̀ ẹ́ kó má bàa di pé mò ń tún un sọ lójoojúmọ́.

Ìbéèrè: Ṣé àìsàn yìí ò sí láyé àwọn bàbá wa ni?

Ó wà, màmá. Orúkọ ni ò ní. Dókítà ará Austria kan, Clemens von Pirquet, ló dá ọ̀rọ̀ "allergy" sílẹ̀ lọ́dún 1906, àmọ́ àwa náà ti ń sọ ọ́ lọ́nà tiwa, "ara mi ò gbà á", "ó máa ń bá mi jà". Bàbá kan wà lágboolé wa tí kì í fẹnu kan edé, tó bá ṣèèṣì jẹ ẹ́ nínú ọbẹ̀, ètè ẹ̀ á wú bí àkàrà inú epo gbígbóná, ara á sú u látọrùn dé itan, gbogbo wa la sì gbà pé èèwọ̀ ilé ìyá ẹ̀ ni. Èyí tó tiẹ̀ burú jù, ẹni tó jẹun lóde àríyá tí ọ̀fun ẹ̀ dí tó sì kú, ta ló máa sọ pé edé ni? Májèlé ni wọ́n máa pè é, wọ́n á sì ti mọ obìnrin tó gbé abọ́ fún un. Mo máa ń ro iye ìyàwó tí wọ́n ti lé kúrò nílé torí edé, ká fìyẹn sílẹ̀ jàre.

Ìbéèrè: Nígbà náà kò pọ̀ sí i, ojú wa ló kàn là?

Ojú là lóòótọ́, àmọ́ ó tún pọ̀ sí i. Ní Amẹ́ríkà wọ́n fi fóònù bi àwọn èèyàn léèrè lọ́dún 1997, nínú 1,000 ọmọdé, bíi 4 ni wọ́n ní ẹ̀pà ń bá jà. Nígbà tí wọ́n tún bi wọ́n lọ́dún 2008, ó ti di bíi 14. Ẹ lè sọ pé ẹnu lásán nìyẹn. Mo gbà, ẹ wá gbọ́ ti ẹ̀jẹ̀. Láàárín 1948 sí 1954, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ ogun òfúrufú ní bárékè Warren ní Amẹ́ríkà, wọ́n tọ́jú ẹ̀ sínú fírísà, ó lé ní 50 ọdún káwọn dókítà tó gbé e jáde láti wá àmì àìsàn celiac nínú ẹ̀, ìyẹn àìsàn tí gluten inú àlìkámà ti máa ń mú kí ara gbógun ti ìfun ara ẹ̀. Lọ́dún 2009 ni wọ́n gbé èsì jáde: ti àwọn èèyàn ìsinsìnyí tó ìlọ́po 4 ti àwọn ṣọ́jà yẹn. Ẹ̀jẹ̀ inú fírísà ò mọ àṣà o, kò sì ní fóònù.

Ìbéèrè: Kí wá ló fà á?

Ibi tó gba ọ̀rọ̀ nìyí, kì í ṣe nǹkan kan ṣoṣo.

Lọ́dún 1989 dókítà kan ní ìlú òyìnbó (Britain), David Strachan, wo àkọsílẹ̀ ọmọ 17,414, ó rí i pé bí ẹ̀gbọ́n ọmọ bá ṣe pọ̀ tó nínú ilé náà ni àìsàn imú ṣíṣàn àti sísín tí òdòdó koríko ń fà ṣe máa ń jìnnà sí i tó. Ó rò pé ìdọ̀tí àti kòkòrò tí àwọn ọmọ ń kó ran ara wọn ló ń kọ́ ara ọmọ níṣẹ́. Nínú ẹ̀jẹ̀ wa, nǹkan kan wà tí wọ́n ń pè ní IgE, ohun ìjà ara tó wúlò fún bíbá aràn inú jà, òun náà ló sì ń ṣiṣẹ́ nínú allergy. Ṣọ́jà tí kò rógun jà, tó ń jẹun tó ń sùn, ọjọ́ tó bá rí ọlọ́jà tó gbé ẹ̀pà kọjá, á yìnbọn. Ẹ má torí èyí jẹ́ kọ́mọ máa jẹ yẹ̀pẹ̀ o, àìmọye ọmọ ni aràn àti ìgbẹ́ gbuuru ti pa níbí yìí.

Èkejì, àwọn dókítà fúnra wọn ṣì í. Lọ́dún 2000 àwọn dókítà ọmọdé Amẹ́ríkà ní kí ọmọ tí allergy wà ní ìdílé ẹ̀ má fẹnu kan ẹ̀pà títí á fi pé ọdún mẹ́ta, ọdún 2008 ni wọ́n tó gbà pé kò sí ẹ̀rí fún un. Lọ́dún 2008 yẹn náà, Gideon Lack àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ fi ọmọ Júù tó wà nílùú òyìnbó wé èyí tó wà ní Ísírẹ́lì, ìran kan náà, àmọ́ àwọn ti ìlú òyìnbó tí ẹ̀pà ń bá jà tó ìlọ́po 10 ti Ísírẹ́lì, níbi tó jẹ́ pé ìpékeré ẹ̀pà kan, Bamba, ni wọ́n fi ń rẹ ọmọ jòjòló lẹ́kún. Wọ́n wá kó 640 ọmọ ọwọ́ jọ, àwọn tí ara wọn ti ń bó tàbí tí ẹyin ti ń bá jà, wọ́n fún àwọn kan lẹ́pà déédéé, wọ́n ní káwọn kan má jẹ ẹ́. Nígbà tí wọ́n pé ọdún márùn-ún, èsì tó jáde lọ́dún 2015 ni pé bíi 17 nínú 100 lára àwọn tí ò jẹ ni ẹ̀pà ń bá jà, lára àwọn tó jẹ ẹ́, bíi 3 péré.

Bí wọ́n ṣe ń ṣàlàyé ẹ̀ ni pé tí oúnjẹ bá gba ẹnu wọlé, ara á kà á sí àlejò, tó bá gba awọ tó ti bó wọlé, ara á kà á sí olè. Àwọn ìyá wa tí ń lọ ẹ̀pà mọ́ àgbàdo àti sóyà láti ṣe Tom Brown fọ́mọ oṣù mẹ́fà, wọn ò ka ìwé yìí. Lílọ̀ ni kẹ́ ẹ fún un o, odindi ẹ̀pà lè há ọmọ lọ́fun, tí ara ọmọ bá sì ń bó gan-an, dókítà lẹ máa kọ́kọ́ rí.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, mo ti dá búrẹ́dì dúró torí gluten, inú mi sì fúyẹ́. Ṣé mo ní celiac yẹn ni?

Ọmọ yunifásítì LAUTECH kan ló béèrè. Mo bi í pé kí ló jẹ lálẹ́ àná, ó ní Indomie. Fùláwà ni Indomie, àbúrò, sémó náà àlìkámà ni, puff-puff náà. Tó o bá fa fùláwà tí wọ́n pò fún puff-puff, tó ń nà bíi rọ́bà tí kò já, gluten ló ń nà yẹn. Inú àlìkámà, barley àti rye ló wà. Kò sí nínú àgbàdo, kò sí nínú ọkà bàbà, ìrẹsì, gàrí, láfún, èlùbọ́. Ògbómọ̀ṣọ́ Ajílété níbi wọ́n ti ń jẹ̀kà kí wọ́n tó mùkọ yangan, ìlú tí oríkì ẹ̀ fúnra ẹ̀ ò ní gluten!

Celiac kì í ṣe ìtàn o. Dókítà ará Netherlands kan, Willem Dicke, ti ń fura sí búrẹ́dì kí ìyàn 1944 sí 1945 tó dé, nígbà tí búrẹ́dì wọ́n tàwọn ọmọ tó ń tọ́jú ń yá sí i, tí àìsàn sì padà nígbà tí búrẹ́dì padà, ó dá a lójú. Kí ẹ má sì pè é ní àìsàn òyìnbó, láàárín àwọn Saharawi ní ìhà ìwọ̀ oòrùn Sàhárà, nínú 100 ọmọdé, àwọn bíi 5 tàbí 6 ló ní in nígbà tí wọ́n yẹ̀ wọ́n wò, èsì tó jáde lọ́dún 1999. Àmọ́ ní Yúróòpù bíi ẹnì kan nínú 100 ni. Ti pé àlìkámà ayé ìsinsìnyí ti wá ní gluten ju ti tẹ́lẹ̀, Donald Kasarda wo àkọsílẹ̀ Amẹ́ríkà láti ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún tó kọjá, kò rí ẹ̀rí ẹ̀.

Kí ló wá mú inú tìẹ fúyẹ́? Ní Norway lọ́dún 2018 wọ́n fún 59 èèyàn tó ní gluten ń yọ àwọn lẹ́nu ní gluten, láìjẹ́ kí wọ́n mọ èyí tí wọ́n jẹ, wọ́n tún fún wọn ní fructan, irú ṣúgà kan tó wà nínú àlìkámà. Fructan ló kùn wọ́n nínú jù. Ó sì wà nínú àlùbọ́sà. Lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, kó o sì padà sí búrẹ́dì kó o tó ṣe é, torí tó o bá ti dá gluten dúró pẹ́, àyẹ̀wò lè má rí nǹkan kan.

Ìbéèrè: Tí mílíìkì bá ń kùn mí nínú ńkọ́?

Ìyẹn yàtọ̀, ṣúgà inú mílíìkì ni ìfun ò lè lọ̀. Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà Yorùbá ló rí bẹ́ẹ̀. Wàrà àwọn Fúlàní kì í sábà yọni lẹ́nu tó bẹ́ẹ̀ torí omi ẹ̀ ti ṣàn lọ pẹ̀lú púpọ̀ nínú ṣúgà yẹn.

Ìbéèrè: Tó bá ṣẹlẹ̀ nílé, ṣé kí n bu epo pupa fún un?

Rárá o! Tí ètè tàbí ahọ́n bá wú, tí ohùn ń há, tí kò lè mí dáadáa, ọsibítù kíákíá ni, abẹ́rẹ́ adrenaline nínú itan ló ń gba ẹ̀mí là. Epo ò ṣe nǹkan kan, ó tiẹ̀ lè gba ibòmíì lọ fún un nígbà tí mímí ń ni ín lára. Tí wọ́n bá fún ọmọ yín ní abẹ́rẹ́ yẹn láti London, kó máà jìnnà sọ́dọ̀ yín.

Màmá ní ó dáa, àmàlà àti ewédù lòun máa sè fún un. Ó dìde, ó tún yíjú padà, ó ní ṣé kóun gé igi kajú ẹ̀yìnkùlé ni? Mo ní rárá, kí wọ́n kàn má yan kóró ẹ̀ nígbà tí ọmọ bá wà nítòsí, èéfín ẹ̀ tiẹ̀ ń ta èèyàn lójú tẹ́lẹ̀. Ó ká bébà náà, ó dì í mọ́ ìṣẹ́tí ìró pẹ̀lú owó ẹ̀, ó fa ọmọ náà lọ́wọ́, wọ́n sọdá títì.