Bí kẹ̀kẹ́ ológeere ṣe ń ṣiṣẹ́, àti bó ṣe sọ ọ̀nà jíjìn di ìtòsí

Ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn àti ẹni tó wà lórí kẹ̀kẹ́ ológeere, tí àwọn méjèèjì bá lo agbára kan náà lójú ọ̀nà tó tẹ́jú, ẹni orí kẹ̀kẹ́ á yára tó ìlọ́po mẹ́ta ẹnì kejì. Ìdí ni pé ẹni tó ń rìn, gbogbo ìgbà tó bá gbẹ́sẹ̀ ló ń gbé ara ẹ̀ sókè sódò, ṣùgbọ́n kẹ̀kẹ́ ti bá ẹni tó gùn ún ru ìwúwo yẹn, iṣẹ́ tó kù fún ẹsẹ̀ ò ju kó máa tì í síwájú lọ.

Ṣéènì ló wá ń sọ títì yẹn di eré. Ká ní irin eléyín tó wà nídìí pẹ́dà ní eyín 48, tí ti ẹ̀yìn ní 16, tẹ́ ẹ bá yí pẹ́dà lẹ́ẹ̀kan péré, táyà ẹ̀yìn á yí lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Táyà kẹ̀kẹ́ ńlá àtijọ́ yẹn, tó bá yí lẹ́ẹ̀kan ó ti lọ bíi mítà méjì lé díẹ̀, torí náà ẹ ti lọ ju mítà mẹ́fà lọ kẹ́ ẹ tó yí pẹ́dà lẹ́ẹ̀kejì. Lójú tèmi, ṣéènì yìí gan-an ni ọpọlọ kẹ̀kẹ́, torí gbogbo ọdún tí kò fi sí, ohun ìṣeré àwọn olówó ni kẹ̀kẹ́ jẹ́.

Lọ́dún 1817, Karl von Drais ní ìlú Mannheim ní Jámánì fi igi ṣe tiẹ̀, kò ní pẹ́dà rárá, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń ti ilẹ̀. Ní nǹkan bí 1860 síwájú àwọn ará Paris wá so pẹ́dà mọ́ táyà iwájú fúnra ẹ̀, àmọ́ tẹ́ ẹ bá yí i lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀kan náà ni táyà máa yí, kí wọ́n lè yára wọ́n wá ń mú táyà iwájú tóbi sí i títí tẹ́ni tó gùn ún fi wà lókè téńté, òkúta kékeré lásán lè gbé e ṣubú tí yóò fi orí sọlẹ̀. 1885 ni John Kemp Starley ní Coventry ṣe èyí tó pè ní Rover, táyà méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, ṣéènì lọ sẹ́yìn, ẹsẹ̀ sì lè kan ilẹ̀. Lẹ́yìn ọdún méjì, John Boyd Dunlop, dókítà ẹran kan ní Belfast, fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú rọ́bà fún kẹ̀kẹ́ ọmọ ẹ̀. Ẹlòmíì ti ṣe irú ẹ̀ rí, tiẹ̀ ló ràn.

Rọ́bà yẹn lẹ́jẹ̀ lára o, ó sì yẹ ká sọ ọ́. Bí gbogbo ayé ṣe ń wá táyà, Ọba Leopold ti Belgium ń fipá mú àwọn ará Kóńgò wọgbó lọ kọ rọ́bà, wọ́n ń pa wọ́n, wọ́n ń gé ọwọ́ wọn.

Láàárín ọdún wọ̀nyẹn kan náà, àwọn obìnrin Yúróòpù àti Amẹ́ríkà gun kẹ̀kẹ́, wọ́n bọ́ yẹ̀rì gbọọrọ sílẹ̀, wọ́n sì ń dá lọ síbi tó wù wọ́n láìsí pé ẹnì kan ń sìn wọ́n. Susan B. Anthony, tó jà fún ìbò àwọn obìnrin, sọ lọ́dún 1896 pé kò sóhun tó tú obìnrin sílẹ̀ tó kẹ̀kẹ́.

N'Iléṣà, ọ̀rọ̀ owó ni. Àwọn òṣómàáló ń gbé aṣọ lọ sábúlé tó jìnnà, wọ́n ń tà á láwìn, ẹni tó bá sì ta àwìn gbọ́dọ̀ padà lọ gbowó, wọ́n lè lọ lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí gbèsè tó tán. Bí ẹsẹ̀ bá ṣe lè dé ni oníbàárà á ṣe pọ̀ mọ. Nígbà tí kẹ̀kẹ́ wá dé ọwọ́ wọn, tí wọ́n di ẹrù aṣọ mọ́ káríà ẹ̀yìn, àwọn abúlé tí wọn ò lè kárí tẹ́lẹ̀ bọ́ sí ìkáwọ́ wọn. Owó kòkó náà ra Raleigh, kẹ̀kẹ́ Nottingham, fún ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ Ìjẹ̀ṣà.

Ọ̀kadà ló lé e kúrò nígboro, ṣùgbọ́n mi ò rò pé ọ̀kadà nìkan ni, ọ̀nà náà wà ńbẹ̀. Ta ló fẹ́ gun kẹ̀kẹ́ láti Iléṣà lọ Ifẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tírélà? Àwọn ará Netherlands dojú kọ irú ẹ̀ ní ọdún 1970 sí 1979, mọ́tò ń pa ọmọ wọn, àwọn òbí tú sígboro, ìjọba sì la ọ̀nà kẹ̀kẹ́ sọ́tọ̀.

Òkè Iléṣà náà ń bẹ o. Kẹ̀kẹ́ àtijọ́, irin eléyín kan ṣoṣo ló ní lẹ́yìn, ibi tó bá ti ga báyìí wọ́n á sọ̀ kalẹ̀ wọ́n á máa tì í. Àwọn tòkúnbọ̀ ìsinsìnyí ní jíà, tẹ́ ẹ bá gbé ṣéènì sórí irin tó tóbi lẹ́yìn, kẹ̀kẹ́ ò ní sáré mọ́ àmọ́ ẹsẹ̀ á fúyẹ́, tẹ́ ẹ bá dé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ẹ dá a padà sórí kékeré. Wáyà tó ń fa jíà yìí sábà máa ń dípẹtà kó tó dé ọ̀dọ̀ wa, torí náà ẹni tó bá fẹ́ rà á, kó gbé táyà ẹ̀yìn sókè, kó máa yí pẹ́dà, kó sì dán gbogbo jíà yẹn wò lọ́kọ̀ọ̀kan kó tó sanwó.