Bí Ọ̀rá Omi Ṣe Ń Di Omíyalé

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ní ìgboro gbà pé òjò ló ń fa omíyalé. Òjò ní ọwọ́ nínú rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ní ọ̀pọ̀ àdúgbò ní Ìbàdàn àti ní Èkó, òjò wákàtí kan péré ti tó láti lé onílé jáde, nítorí pé ohun tí àwọn ènìyàn jù sílẹ̀ ti dí ọ̀nà tí ó yẹ kí omi gbà lọ. Pàǹtí kì í jókòó sí ibi tí wọ́n sọ ọ́ sí. Ó ń rìn, ènìyàn sì lè tọ ipa rẹ̀ láti ọwọ́ ẹni tí ó mu omi tán títí dé iyàrá ẹni tí omi ká mọ́ orí ibùsùn ní etí odò.

Dída ilẹ̀ sí ìta kì í ṣe àṣà tuntun. Nínú agbo ilé àtijọ́, wọn á gbá ilẹ̀ ní àárọ̀ kùtù, wọn á sì dà á sí ààtàn lẹ́yìn ilé. Ohun tí ó wà nínú rẹ̀ kò ju èèpo iṣu, eérú, háhá àgbàdo àti ewé tí wọ́n fi pọ́n ẹ̀kọ lọ. Gbogbo rẹ̀ ni ó ń jẹrà, ilẹ̀ ààtàn a sì di ilẹ̀ ọlọ́ràá tí ilá àti ẹ̀fọ́ ń ṣe dáadáa lórí rẹ̀. Ẹni tí ó jẹ ẹ̀kọ tán lójú ọ̀nà tí ó sì ju ewé rẹ̀ sílẹ̀ kò pa ẹnikẹ́ni lára, nítorí bí ewúrẹ́ kò bá jẹ ewé náà, ilẹ̀ á jẹ ẹ́. Láàárín ọdún 1990 sí 2000 ni omi inú ọ̀rá tí gbogbo ayé mọ̀ sí píọ̀ wọ́tà gbilẹ̀, tí ó sì gba ipò omi tí wọ́n ń bù tà nínú ife àti èyí tí wọ́n ń fi ọwọ́ dì sínú ọ̀rá. Ohun tí à ń jù nù yí padà, ọwọ́ tí ó ń jù ú kò yí padà. Ó yẹ kí a ro èyí dáadáa kí a tó pe gbogbo ẹni tí ó sọ ọ̀rá sílẹ̀ ní ọ̀bùn, nítorí àṣà tí kò ṣe ẹnikẹ́ni ní ibi nígbà tí ewé ló pọ̀ ni ó di ewu nígbà tí ọ̀rá dé.

Ogún ọ̀rá ni ó wà nínú báàgì píọ̀ wọ́tà kan. Èrò ọkọ̀ dánfó tí òùngbẹ ń gbẹ á fi eyín já igun ọ̀kan, á tu igun náà dànù, á fa omi mu, á sì na ọwọ́ gba ojú fèrèsé. Pàǹtí méjì ni ó ti jù báyìí: igun kékeré tí kò tó èékánná, tí ìgbálẹ̀ àwọn tí ń gbá títì kì í sábà rí kó, àti ọ̀rá fúnra rẹ̀. Atẹ́gùn ọkọ̀ tí ó ń bọ̀ lẹ́yìn á gbá ọ̀rá náà sí ẹ̀gbẹ́ títì. Wọ́n sì mọ̀ọ́mọ̀ máa ń ṣe títì kí àárín rẹ̀ ga díẹ̀ ju ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì lọ, kí omi má baà dúró sí i. Nítorí náà, ohunkóhun tí ó bá fúyẹ́ lójú títì, inú gọ́tà ni yóò já sí.

Ọ̀rá kan ṣoṣo kò lè dá omi gọ́tà dúró. Ibi tí ọ̀nà omi ti fún ni ọ̀rọ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀: abẹ́ kọnkéré tí onílé fi ṣe afárá sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀, irin tí wọ́n tò sí ojú gọ́tà, àti páìpù tí ó gba abẹ́ títì kọjá. Bí ọ̀rá bá kan irin bẹ́ẹ̀, omi tí ó ń ti ẹ̀yìn rẹ̀ bọ̀ á tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn pẹrẹsẹ. Ọ̀rá kejì á lẹ̀ mọ́ ti àkọ́kọ́, irun tí wọ́n tú dànù ní ṣọ́ọ̀bù onídìrí á sì wé mọ́ méjèèjì. Omi tí ń sáré tẹ́lẹ̀ á wá máa wọ́. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, eré tí omi ń sá ni ó fi ń gbé iyanrìn. Bí eré náà bá ti dínkù, iyanrìn á rọ̀ sí ìsàlẹ̀. Iyanrìn á bo ọ̀rá mọ́lẹ̀, ọ̀rá á sì di iyanrìn mú kí òjò tí ó tẹ̀lé e má lè fọ̀ ọ́ lọ. Báyìí ni ọ̀kan yóò máa gorí èkejì, tí gọ́tà tí ó jìn tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ilẹ̀ dọ́gba, tí koríko yóò sì hù nínú rẹ̀.

Àwọn ará àdúgbò máa ń kó gọ́tà lóòótọ́. Wọ́n á fi ṣọ́bìrì kó ẹrẹ̀ dúdú tí ó ń rùn náà jáde, wọ́n á sì kó o jọ sí etí gọ́tà gan-an, wọ́n á ní kí ó gbẹ kí ọkọ̀ tó wá gbé e. Bí ọkọ̀ bá pẹ́, òjò kan ṣoṣo á dá gbogbo rẹ̀ padà sí ibi tí wọ́n ti kó o. Ohun tí ó mú kí ìmọ́tótó Sátidé ìparí oṣù, tí ìjọba ológun bẹ̀rẹ̀, já sí asán ní ọ̀pọ̀ àdúgbò nìyí, kí ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó tó fòpin sí i lọ́dún 2016. Àwọn ènìyàn ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ẹni tí yóò gbé èérí náà kúrò kò dé.

Ọ̀nà mìíràn tí pàǹtí ń gbà dé inú omi burú ju ti inú ọkọ̀ lọ. Ilé kọ̀ọ̀kan ni ó yẹ kí ó máa san owó pàǹtí fún àwọn tí ń fi ọkọ̀ kó o. Bí ọkọ̀ náà kò bá wá, tàbí bí onílé kò bá fẹ́ sanwó, ọlọ́mọlanke ni wọ́n ń ké sí. Owó tí ó ń gbà kò pọ̀, kò sì sí ẹni tí ń bi í pé ibo ni yóò kó o lọ. Abẹ́ afárá tàbí etí kánààlì ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ń já sí lóru. Àwọn mìíràn kì í tilẹ̀ pe ẹnikẹ́ni. Bí òjò bá ti ń rọ̀, wọn á gbé garawa ilẹ̀ jáde, wọn á dà á sínú àgbàrá, wọn á sì gbà pé ó ti tán. Ìwà yìí bani nínú jẹ́ ju gbogbo rẹ̀ lọ, nítorí pé ẹni tí ń gbé orí òkè ni ó sábà máa ń dà á, tí ẹni tí ń gbé ìsàlẹ̀ a sì fi ẹrù àti ẹ̀mí rẹ̀ san án.

Ìbàdàn mọ ohun tí èyí ń fà. Ìlú olókè ni, omi kì í sì pẹ́ kí ó tó ti orí òkè dé ìsàlẹ̀. Odò Ògùnpa ń ti ìhà Agodi bọ̀, ó ń gba àárín ọjà àti ilé kọjá. Ní ọjọ́ 31 oṣù Ògún, ọdún 1980, òjò rọ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí, odò náà kọjá ààlà rẹ̀, ènìyàn tí ó ju ọgọ́rùn-ún lọ ni ó bá a lọ. Pàǹtí tí wọ́n ti dà sínú odò náà àti ilé tí wọ́n kọ́ sí etí rẹ̀ wà lára ohun tí ó sọ òjò di àjálù. Lẹ́yìn náà ni ìjọba fi kọnkéré mọ ẹ̀gbẹ́ odò náà. Síbẹ̀, ní ọjọ́ 26 oṣù Ògún, ọdún 2011, ìkún omi mìíràn wó ọ̀pọ̀ afárá ní Ìbàdàn, ó sì tún gba ẹ̀mí tí ó ju ọgọ́rùn-ún lọ.

Ti Èkó yàtọ̀ díẹ̀, nítorí ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́jú, kò sì fi bẹ́ẹ̀ ga ju ojú òkun lọ. Nígbà tí òkun bá ru wọ inú ọ̀sà, omi kánààlì kì í rí ibi dà sí títí ọ̀sà yóò fi fà sẹ́yìn. Abọ́ fóòmù funfun tí wọ́n ń bu ìrẹsì sí, tí ìjọba Èkó kéde ní oṣù Ṣẹrẹ ọdún 2024 pé òun fòfin dè, á léfòó jọ sí ojú irú omi tí kò rìn bẹ́ẹ̀, á sì fọ́ sí wẹ́wẹ́ tí kò ṣeé ṣà.

Ike omi kì í pẹ́ nínú gọ́tà bí ọ̀rá, nítorí pé àwọn tí ń ṣa ike ń fi kílò tà á. Ọ̀rá náà ní olówó bí ó bá mọ́ tí ó sì gbẹ. Bí ó bá ti kan ẹrẹ̀, fífọ̀ rẹ̀ á gba owó ju èyí tí wọ́n máa rí lórí rẹ̀ lọ. Nítorí náà, kí ó tó kan ilẹ̀ nìkan ni ó níye lórí. Àpò kan tí ẹni tí ń ta omi tútù so mọ́ ẹ̀gbẹ́ igbá rẹ̀ lè gba èyí tí ó pọ̀ jù nínú ọ̀rá tí àwọn oníbàárà rẹ̀ yóò jù sílẹ̀. Ní ti gọ́tà, oṣù Èrèlé sí Ẹrẹ́nà, kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, ni kíkó rẹ̀ ń so èso jù, nítorí ẹrẹ̀ ti gbẹ nígbà náà, ó fúyẹ́, ọkọ̀ sì lè gbé e lọ lọ́jọ́ tí wọ́n bá kó o jáde gan-an.