Omi Máàsì ni Àbí Omi Ayé? Bí Wọ́n Ṣe Ń Mọ Ibi Tí Omi Inú Òkúta Ti Wá

Bí òkúta ṣe ń kúrò lójú Máàsì, pílánẹ́ẹ̀tì pupa tó múlé gbe ayé wa, tó fi ń dé ọ̀dọ̀ wa kò gba àlàyé púpọ̀. Òkúta ràgàjì kan láti òfurufú kọlu Máàsì, àfọ́kù sì fò sókè ju kìlómítà 5 lọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ìyẹn sì tó láti fi bọ́ lọ́wọ́ agbára tó ń fa nǹkan padà sílẹ̀ níbẹ̀. Àfọ́kù náà á rìn kiri lófurufú fún ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ọdún kó tó já sí ayé. Bí wọ́n ṣe mọ̀ pé Máàsì ló ti wá nìyí: ọkọ̀ Viking tí Amẹ́ríkà rán lọ síbẹ̀ ti wọn afẹ́fẹ́ Máàsì ní 1976. Ní 1983, àwọn onímọ̀ méjì, Donald Bogard àti Pratt Johnson, yọ afẹ́fẹ́ tó há sínú gíláàsì dúdú inú òkúta EETA79001 tí wọ́n rí ní Antarctica, ó sì bá ti Viking mu. Nígbà tó yá, wọ́n rí irú afẹ́fẹ́ kan náà nínú òkúta Zagami, tó já sí Zagami ní agbègbè Kàtsínà lọ́jọ́ 3 oṣù Kẹwàá 1962, nítòsí àgbẹ̀ kan tó ń lé kannakánná nínú oko àgbàdo rẹ̀. Òkúta náà wúwo tó kìlógíráàmù 18.

Ìyẹn ti yanjú. Ohun tó ṣòro ni mímọ bí Máàsì ṣe rí láyé àtijọ́, bóyá omi ṣàn níbẹ̀, bóyá ó gbóná tàbí ó tutù. Àwọn ènìyàn máa ń rò pé iṣẹ́ parí bí wọ́n bá ti rí omi nínú òkúta. Rírí omi kọ́ ni wàhálà. Òkúta èyíkéyìí tó bá sùn nínú ìrì mọ́jú ti ní omi lára. Wàhálà ibẹ̀ ni láti mọ ẹni tó ni omi náà, Máàsì ni àbí ayé.

Èrò kan tún wà tó máa ń bíni nínú, pé iná tó ń bo òkúta nígbà tó bá ń já bọ̀ ti sun gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀, pé kò sí bí omi tàbí nǹkan ẹlẹgẹ́ ṣe lè ṣẹ́kù. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Iná yẹn kì í pẹ́. Bí ojú òkúta ṣe ń yọ́ ni afẹ́fẹ́ ń gbá èyí tó yọ́ dànù, ooru kò ráyè wọ inú lọ. Èèpo dúdú tó ń kù lára òkúta kì í sábà nípọn tó mílímítà kan, inú rẹ̀ lọ́hùn-ún sì ń bá òtútù òfurufú lọ bó ṣe wà. Ní 2000, Benjamin Weiss àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ agbára òòfà àtijọ́, tí ooru máa ń pa rẹ́, wò nínú òkúta Máàsì kan tó ń jẹ́ ALH84001. Ohun tí wọ́n rí ni pé inú òkúta náà kò gbóná ju dígírì Celsius 40 lọ láti ìgbà tó ti kúrò ní Máàsì títí dòní.

Èèpo dúdú yìí gan-an tún ni ẹlẹ́rìí àkọ́kọ́ nínú ọ̀rọ̀ omi. Nínú òkúta Máàsì méjì, Nakhla, tó já sí Íjíbítì ní 1911, àti Lafayette, tí wọ́n ṣàwárí ní Yunifásítì Purdue ní Amẹ́ríkà ní 1931, àwọn ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó pọ́n bí ìpẹtà wà nínú sísán òkúta. Amọ̀ ni, kò sì sí bí amọ̀ ṣe ń dá láìsí omi. Kí wọ́n tó lè rí i dáadáa, wọ́n á gé òkúta ní pẹlẹbẹ, wọ́n á lẹ̀ ẹ́ mọ́ gíláàsì, wọ́n á máa lọ̀ ọ́ títí á fi nípọn mílímítà 0.03 péré, tí ìmọ́lẹ̀ á fi lè gba inú rẹ̀ kọjá. Wọ́n á wá tẹ̀ lé ìlà amọ̀ náà dé ibi tí èèpo dúdú ti bẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀ ni iná ti jó amọ̀ náà, tí èèpo sì gé e kúrò. Bó bá jẹ́ pé omi ayé ló dá a, amọ̀ náà ì bá la èèpo kọjá, kò sì ní jóná. Ó ti wà nínú òkúta kí òkúta tó dé. Ẹ̀rí yìí kò ná wọn ju ojú àti ẹ̀rọ awò lọ, ó sì lágbára ju ọ̀pọ̀ ẹ̀rí tó gba ẹ̀rọ olówó ńlá.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo òkúta ló ní irú ìlà bẹ́ẹ̀ létí èèpo rẹ̀. Fún àwọn yòókù, iná ni wọ́n ń fi yọ omi jáde, díẹ̀díẹ̀. Ní 1992, Haraldur Karlsson àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ fi òkúta Máàsì mélòó kan sínú ọpọ́n tí wọ́n ti fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, wọ́n gbé ooru lọ sí dígírì 150, wọ́n kó omi tó jáde pamọ́. Lẹ́yìn náà 350, lẹ́yìn náà 600, lẹ́yìn náà 1000. Ìdí tí wọn kò fi gbé e lọ sí 1000 lẹ́ẹ̀kan náà ni pé omi tó lẹ̀ mọ́ ojú òkúta láti inú afẹ́fẹ́ wa kì í pẹ́ jáde, ooru díẹ̀ ti tó o. Omi tó so pọ̀ mọ́ àwọn nǹkan inú òkúta ni kì í jáde àfi kí ooru pọ̀. Omi tí wọ́n rí kò pọ̀: láti nǹkan bí ìdá 0.04 sí 0.4 nínú 100 ìwúwo òkúta, Lafayette ló sì ní jù.

Báwo ni wọ́n ṣe wá mọ̀ pé omi tó jáde lẹ́yìn kì í ṣe ti ayé? Oríṣi ọ́síjìn mẹ́ta ló wà, 16, 17 àti 18, ìwúwo wọn ló yàtọ̀. Nínú omi ayé, ì báà jẹ́ ti òkun, ti odò Ọ̀ṣun tàbí ti òjò, bí ọ́síjìn 18 bá pọ̀ sí i, iye tí 17 máa fi pọ̀ sí i ti wà létò. Òkúta Máàsì kò tẹ̀ lé ètò yẹn, 17 tiẹ̀ fi nǹkan bí ìdá 0.3 nínú 1000 ju ti ayé lọ. Omi tó jáde ní dígírì 150 jọ ti ayé, wọ́n yọ ọ́ sọ́tọ̀. Omi tó jáde nígbà tí ooru ti pọ̀ kò jọ ti ayé, ó sì tún yàtọ̀ sí òkúta tó ti inú rẹ̀ jáde. Èyí ló yẹ kéèyàn dúró lé lórí. Ó jọ pé omi náà kò ti inú ilẹ̀ yíyọ́ tó bí òkúta náà jáde, pé láti ojú ilẹ̀ Máàsì ló ti wọ inú rẹ̀, àti pé ojú ilẹ̀ àti inú Máàsì kò po ara wọn pọ̀ bí ti ayé ṣe ń ṣe.

Ti háídírójìn ni ọ̀nà kejì. Háídírójìn wíwúwo kan wà tó ń jẹ́ deuterium. Nínú òkun wa, nǹkan bí 156 rẹ̀ ló wà nínú mílíọ̀nù kan háídírójìn. Nínú afẹ́fẹ́ Máàsì, ó tó ìlọ́po márùn-ún sí mẹ́fà bẹ́ẹ̀. Ohun tó fà á kò yàtọ̀ sí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ènìyàn bá ń fẹ́ ìrẹsì Ọ̀fàdà: afẹ́fẹ́ gbé ìyàngbò tó fúyẹ́ lọ, hóró tó wúwo padà sínú atẹ. Oòrùn ń tú omi Máàsì ká lókè, háídírójìn fífúyẹ́ ń sá lọ sí òfurufú, deuterium ń ṣẹ́kù. Ẹni tó bá dé nígbà tí wọ́n ti fẹ́ ìrẹsì tán lè wo ohun tó kù nínú atẹ, kó sì fojú díwọ̀n iye tó ti lọ, bó bá mọ bí ìrẹsì náà ṣe rí tẹ́lẹ̀. Ohun tí wọ́n ń ṣe nìyẹn nígbà tí wọ́n bá wọn deuterium inú nǹkan kéékèèké tó wà nínú Zagami àti Shergotty, òkúta Máàsì mìíràn. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá da ìrẹsì tí wọn kò tíì fẹ́ sínú atẹ náà, ìdíwọ̀n ti bàjẹ́. Omi ayé ni ìrẹsì tí wọn kò tíì fẹ́. Ìkán rẹ̀ kan tó bá wọ inú òkúta á mú kó dà bíi pé Máàsì kò pàdánù omi púpọ̀. Kódà gúlúù tí wọ́n fi ń lẹ òkúta mọ́ gíláàsì ní háídírójìn nínú, nítorí náà, bó bá jẹ́ háídírójìn ni wọ́n fẹ́ wọ̀n, wọ́n máa ń tẹ òkúta náà bọ inú indium, irin rírọ̀ kan tí kò ní háídírójìn.

ALH84001 ló sọ̀rọ̀ jù nípa ojú ọjọ́ àtijọ́. Wọ́n rí i ní Antarctica ní oṣù Kejìlá 1984, ó wúwo tó kìlógíráàmù 1.93, ó sì ti tó nǹkan bíi bílíọ̀nù ọdún 4.1. Nínú sísán rẹ̀, kábọ́néètì, ohun líle bí ẹfun tó ń dá nínú omi, wà ní róbótó-róbótó, àwọ̀ ọsàn, nǹkan bí ìdá kan nínú 100 òkúta náà, ó sì ti tó nǹkan bíi bílíọ̀nù ọdún 3.9 sí 4. Ní 1996, David McKay àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kéde pé àwọn rí àmì tó lè jẹ́ ti ohun ẹlẹ́mìí níbẹ̀, Ààrẹ Clinton ti Amẹ́ríkà gan-an sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀. Ariwo ta. Nígbà tó yá, àyẹ̀wò carbon 14, tí wọ́n fi ń mọ ọjọ́ orí ohun ẹlẹ́mìí, fi hàn pé èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tó jọ ti ẹlẹ́mìí nínú rẹ̀ jẹ́ ti ayé, ó wọlé láti inú yìnyín Antarctica.

Ariwo yẹn bo ohun tó níye lórí jù mọ́lẹ̀, ìyẹn ooru tí kábọ́néètì náà fi dá. Fún ọdún pípẹ́ ni àwọn onímọ̀ ń jiyàn, àwọn kan ní ó tutù, àwọn kan ní ó gbóná ju dígírì 600 lọ. Ní 2011, Itay Halevy, Woodward Fischer àti John Eiler fi ásíìdì tú kábọ́néètì náà, wọ́n sì wo carbon dioxide tó jáde. Ohun tí wọ́n ń wá ni iye ìgbà tí carbon wíwúwo àti ọ́síjìn wíwúwo so mọ́ ara wọn. Bí ibi tí kábọ́néètì ti dá bá ṣe tutù tó ni àwọn méjèèjì á ṣe so mọ́ra wọn tó. Ọgbọ́n inú ọ̀nà yìí ni pé kò sí ìdí láti mọ irú omi tó dá a, bẹ́ẹ̀ omi yẹn ti gbẹ láti ayébáyé. Dígírì 18 ni wọ́n rí, ó lè fi 4 dín tàbí kó fi 4 lé. Ìyẹn kì í ṣe ojú ọjọ́ gbogbo Máàsì o. Abẹ́ ilẹ̀ díẹ̀ ni, níbi kan, fún ìgbà kan, nínú omi tó ń gbẹ lọ.

Àléébù ńlá wà nínú gbogbo ètò yìí. Òkúta líle tó ti inú ilẹ̀ yíyọ́ jáde ni ìkọlù lè ta dé ọ̀dọ̀ wa láìfọ́ yángá. Òkúta tí ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ adágún kó jọ di, èyí tí à bá fẹ́ jù, kì í yè é. Àfọ́kù àlọ̀pọ̀, ìyẹn òkúta tí oríṣiríṣi àfọ́kù lẹ̀ pọ̀ di, bíi NWA 7034 láti aṣálẹ̀ Sàhárà, ṣọ̀wọ́n. Zircon, hóró líle kéékèèké tó wà nínú rẹ̀, lé ní bílíọ̀nù ọdún 4.4, omi inú rẹ̀ sì tó ìdá 0.6 nínú 100. Lẹ́yìn ìyẹn, kò sí òkúta kan tó mú àdírẹ́ẹ̀sì wá. Ọkọ̀ Perseverance tí Amẹ́ríkà rán lọ, tó balẹ̀ sí kòtò Jezero ní Máàsì ní 2021, ń gbẹ́ òkúta tí a mọ ibi tó ti wá gan-an, ṣùgbọ́n Máàsì ni àwọn òkúta náà ṣì wà.

Ọwọ́ ènìyàn ni ìyókù àléébù ti ń wá, ìyẹn sì ṣe é yẹra fún. Òkúta tó pẹ́ ní aṣálẹ̀ máa ń fa kábọ́néètì ayé sínú sísán rẹ̀. Ìdí tí Zagami fi ṣeyebíye nìyẹn: wọ́n rí i nígbà tó já, kò pẹ́ nílẹ̀. Bí òkúta bá já lójú ẹni, kí ó má fi omi fọ̀ ọ́, kí ó má fọwọ́ lásán gbé e, kí ó fi fọ́ìlì tó mọ́ wé e, kí ó tọ́jú rẹ̀ síbi gbígbẹ, kí ó sì kọ ibi àti àsìkò tó já sílẹ̀. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, kí ó má fi òòfà kàn án. Àwọn tó ń ṣa òkúta ní Sàhárà máa ń fi òòfà dán an wò bóyá irin wà nínú rẹ̀, ìfọwọ́kàn kan ṣoṣo sì ti tó láti pa àkọsílẹ̀ òòfà Máàsì àtijọ́ rẹ́, bí Foteini Vervelidou àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe fi hàn ní 2023 nínú NWA 7034. Kọ́ńpáàsì ló yẹ kí wọ́n lò: kí wọ́n gbé òkúta súnmọ́ ọn, kí wọ́n wò bóyá abẹ́rẹ́ rẹ̀ á yí.